Gbólóhùn Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Bọ̀dá

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ìwà mi tó burú jù, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: mo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Láti kékeré ni. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé, "Sáré lọ bá mi…", èmi á ti fò dìde, ó di ojú ọ̀nà kí n tó rántí pé mi ò gbọ́ ibi tí wọ́n ń rán mi lọ. Màmá á pariwo pé, "Ọmọ yìí, ìwàǹwára rẹ á pa ọ́ lọ́jọ́ kan!" Kò pa mí. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló pa, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé gbólóhùn kan péré lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Páílọ́ọ̀tì ni mí. Obìnrin ni mí pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe háà yáa ṣe é kíá, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Port Harcourt ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Rumuodara ni mo ń gbé, níbi tí àwọn ọmọ tí mo bí ti ń fi Pidgin dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá wọn wí. "Mummy, wetin I do now?" Ẹ gbọ́ nǹkan! Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, tó ti kógbá sílé báyìí, ní bàálù kékeré méjì tí kì í gbà ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ epo la máa ń gbé káàkiri.

Igbákejì mi nínú bàálù náà jẹ́ ará Ọ̀fà, ó sì ju mí lọ ní ọdún méjìlá ó kéré tán. Ẹni tó ń tún bàálù ṣe ni tẹ́lẹ̀, ó ti tó ọmọ ogójì ọdún kó tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Nítorí náà, èmi ọmọdé ni ọ̀gá, òun àgbà ni igbákejì. Èmi ń pè é ní Bọ̀dá, mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní Kápútéènì, ó ń fi "ẹ" bá èmi náà sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo epo wa." "Mo ti wò ó, Kápútéènì, ẹ má ṣèyọnu." Bí ẹ bá gbọ́ wa, ẹ ó rò pé ìyàwó ilé àti ẹ̀gbọ́n ọkọ ló jókòó ti ara wọn.

Òfin ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbọ́dọ̀ sọ nínú bàálù. Òfin ni pẹ̀lú pé bí wọ́n bá sọ ohun kan fún ọ láti ilẹ̀, kí o tún un sọ padà lódindi, kí àwọn náà sì dáhùn pé ó tọ̀nà, kí o tó ṣe é. Ti àkọ́kọ́ yẹn, àwa méjèèjì ń rú u. Bí ojú ọjọ́ bá dára, tí ọwọ́ wa sì dilẹ̀, Yorùbá ni.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Bọ̀dá ní ilà mẹ́ta ní èjìká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kápútéènì ló máa ń ní mẹ́rin. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dán an wò, bó bá sì yege, ọ̀nà ìlà kẹrin ti là nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń retí ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ra aṣọ èjìká onílà mẹ́rin sílẹ̀ fún un, Bọ̀dá sì fi í pamọ́ sínú àpò ìwé tó máa ń gbé wọ bàálù, òun àti tẹ̀sùbáà rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí i níbẹ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì fẹ́yàwó, ẹ ti ń sọ ọmọ lórúkọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run ló ń fún ni, Kápútéènì. Ẹ ṣáà bá mi ṣe àmín." Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a fẹ́ gbé èèyàn méje lọ sí ìlú kan lápá òkè, ìlú tí mi ò ní dárúkọ. Èmi ò débẹ̀ rí, Bọ̀dá ò débẹ̀ rí. Ọ̀sán ló yẹ ká gbéra, àmọ́ àwọn tí a fẹ́ gbé ń bọ̀ láti Oyigbo, ọ̀nà sì dí pa mọ́ wọn. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n ń sáré bọ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, tí ọ̀kan ń wí pé, "Madam, abeg no vex." Mo bínú o. Inú máa ń bí mi kíákíá, mi ò sẹ́. A ṣáà gbéra.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé alẹ́ gbogbo ibi dọ́gba lójú páílọ́ọ̀tì, kò yé e. Ní Port Harcourt, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, mo mọ ibi tí mo wà. Iná gáàsì tí àwọn elépo ń sun ń jó lápá ibẹ̀ yẹn, ó pupa bí ojú ààrò. Iná ilé lè lọ, iná títì lè lọ, tòun kì í lọ. Mo ti fi ojú mi mọ́ ọn débi pé mo lè fi í wá ilé mi. Àmọ́ ibi tí o ò bá dé rí, òkùnkùn ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Pápá bàálù tí à ń lọ yìí ò sì ní ẹ̀rọ tó lè tọ́ wa sọ́nà wálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú ara wa la máa fi wá rọ́nwéè, ìyẹn títì tí bàálù ń bà lé. Bí a bá rí i, ká sọ fún wọn pé a ti rí i, kí wọ́n ní ká máa bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A dé orí ìlú náà. Gbogbo ilẹ̀ ṣókùnkùn birimù. Ọkùnrin tó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, ohùn àgbà ni ohùn rẹ̀, ó sọ fún wa wọ́ọ́rọ́wọ́ pé iná ìlú ló lọ, ti pápá náà bá a lọ, wọ́n sì ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ká máa yípo lókè, ká má sọ̀kalẹ̀. Mo tún un sọ padà fún un, ó ní ó tọ̀nà. A bẹ̀rẹ̀ sí yípo. Mi ò bẹ̀rù. Epo pọ̀ nínú bàálù wa, ojú ọ̀run sì mọ́. Ohun tó ń dùn mí kò ju pé ebi ń pa mí lọ.

A yípo lẹ́ẹ̀kan, a yípo lẹ́ẹ̀kejì. Bí a ṣe ń ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, páílọ́ọ̀tì bàálù ńlá kan tó ń kọjá lókè réré bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lórí rédíò, kò fẹ́ dákẹ́. Bọ̀dá ń wo ìta láti ojú fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbára jọ lójijì, ó ní, "Iná ti dé…"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe máa ń rí létí wa. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún tó máa ń dúró béèrè pé iná wo. Ara wa á kọ́kọ́ yọ̀ ná. Mo yí ojú sápá ọ̀hún, mo sì rí i: ìlà iná méjì tó gún gbọọrọ, tó ń tàn yanran láàárín òkùnkùn. Bọ̀dá ò tíì pa ẹnu dé tí mo ti gbà á. Mo ní, "Alhamdulillahi! Ó ti yá, Bọ̀dá. Ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀." Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, ti Bọ̀dá ni mo bá a dá. Ẹsẹ̀ tí mo wí, táyà bàálù ni. Ó wò mí fìrí, ó rí i pé mo ti dorí bàálù kọ ilẹ̀. Ó gbà pé mo ti rí ohun tí òun ò rí láti ẹ̀gbẹ́ tòun. Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì dorí kodò, ó ń ka ìwé ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe ká tó balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n pe ọkùnrin ilẹ̀ yẹn. Páílọ́ọ̀tì òkè yẹn ò jẹ́ kí n ráàyè lórí rédíò, mo ní bó bá dákẹ́, màá pè é. Ó yẹ kí n rí iná mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè pẹ̀lú. Bí o bá ń bọ̀ dáadáa, méjì á funfun, méjì á pupa. Bí o bá wálẹ̀ jù, gbogbo wọn á pupa. Mo wá wọn, mi ò rí wọn. Ọkàn mi ní, "Iná mẹ́rin yẹn dà?" Mo ní, "Wọ́n á ti bàjẹ́." Ẹ wo ìdáhùn òpònú! Ọkàn tèmi náà, mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

A ń sọ̀kalẹ̀, rọ́nwéè mi ń gbòòrò sí i. Ọ̀kan nínú àwọn iná náà wá rìn.

Mo ní ó rìn! Mo tẹ ojú mọ́ gíláàsì. Iná kan kúrò láyè rẹ̀, ó ṣẹ́rí, ó sì kọjá sí òdìkejì. Ọ̀kadà ni. Ó gbé èèyàn méjì sẹ́yìn, mo rí aṣọ funfun ẹni tó gbẹ̀yìn bó ti ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí tírélà tí wọ́n fi tapólì bò, mo rí ilé epo, mo rí èèyàn tó dúró sétí títì tó gbójú sókè tó ń wò mí. Orí mi wú. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń wa bàálù, tí èmi kàn ń wòran.

Bọ̀dá gbé orí sókè. "Yéè! Títì ni! Gbé e sókè! Ọmọ yìí, mo ní gbé e sókè!"

Ọwọ́ mi ti ti agbára ẹ̀rọ síwájú kí ọpọlọ mi tó gbọ́. Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ni mo ṣe gbọ́ràn sí i. Bàálù náà mì, ó ké, ó gbórí sókè. Wáyà iná kọjá lábẹ́ wa, mi ò mọ bó ti sún mọ́ wa tó, mi ò sì fẹ́ mọ̀ láéláé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ké "Jesus! Jesus!", ọ̀kan ń pe ìyá rẹ̀. A gun òkè títí ohun gbogbo fi padà di dúdú.

Páílọ́ọ̀tì òkè yẹn ti dákẹ́. Ohùn àgbà wọ́ọ́rọ́wọ́ ti ilẹ̀ yẹn wọlé, ó ní jẹnẹrétọ̀ àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ni, ǹjẹ́ a rí rọ́nwéè báyìí? Mo wo ọwọ́ òsì. Rọ́nwéè wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, iná mẹ́rin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pé pérépéré. Títì márosẹ̀ tí mo fẹ́ lọ pa èèyàn mẹ́sàn-án lé lórí wà lápá kejì ìlú.

Bọ̀dá ló gbé bàálù náà balẹ̀, èmi ni mo sọ pé kó gbà á. Nígbà tí a pa ẹ̀rọ tán, tí àwọn èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ láìkí wa, ó yíjú sí mi. Mo rò pé ó máa nà mí ni. Ó ní, "Kápútéènì, ẹ má bínú o. Mo pè yín ní ọmọ yìí." Èèyàn gba ẹ̀mí mẹ́sàn-án là tán, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò fi "ẹ" kún un! Mo bú sẹ́kún.

Ọ̀kan nínú àwọn èrò náà fẹjọ́ sùn. Nígbà tí a padà dé Port Harcourt, ọ̀gá wa, tí kò gbọ́ Yorùbá, ní kí n kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo kọ ti iná tó lọ, mo kọ ti jẹnẹrétọ̀. Mo wá dé ibi ohun tí Bọ̀dá sọ, ọwọ́ mi dúró. Ní Yorùbá, iná lè dé, kó sì parí síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yẹn fẹ́ mọ iná wo. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí: a ò wí fún yín pé obìnrin ò lè ṣe é? Mo ronú kan iṣẹ́ mi, mo ronú kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo kọ ọ́ pé igbákejì mi ló sọ fún mi pé iná rọ́nwéè ti dé. Rọ́nwéè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún un. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó ní lọ́kàn náà nìyẹn.

Wọ́n pe Bọ̀dá. Wọ́n ní kó kà á, kó sì buwọ́ lù ú bó bá jẹ́ òótọ́. Mo wà níbẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó wò mí. Mò ń retí kó pariwo, kó pè mí ní òpùrọ́. Ó mú bírò, ó buwọ́ lù ú. Lóòótọ́, ó sọ pé iná dé. Ta ló máa wá dúró ṣàlàyé fún ọ̀gá tí ò gbédè pé gbólóhùn náà ò tíì parí? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ìdánwò mọ́, kò sí ìlà kẹrin. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Kápútéènì." Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọ egungun nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún. Èmi ń fò lọ, mò ń fò bọ̀, mo wọ pápá àjèjì lálẹ́ lóríṣiríṣi, mo sì ń ka iná mẹ́rin yẹn sókè ketekete bí ọmọ iléèwé. Nílé ní Rumuodara, bí iná bá dé, àwọn ọmọ mi á ké "Light don come!", àyà mi á já. Wọn ò mọ ìdí tí mo fi máa ń lejú mọ́ wọn.

Lọ́dún tó kọjá, èyí obìnrin nínú wọn wọ yunifásítì. A lọ wá yàrá fún un ní Alakahia, a sì nílò kí wọ́n bá wa tẹ ìwé kan jáde. A yà sí ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tòkọ́pì tó kọ́kọ́ bọ́ sí wa lójú. Iná ò sí. Bàbá arúgbó kan tó wọ awò ojú jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Háà! Kápútéènì! Ẹ káàbọ̀, mà." Bọ̀dá ni! Mo fẹ́ sá. Ẹ̀rí ọkàn mi ló dì mí mọ́lẹ̀. Ọmọ mi ní, "Mummy, you sabi am?"

Bọ̀dá fún wa ní bẹ́ǹṣì. Ó béèrè àlàáfíà bàbá àwọn ọmọ, ó ṣàdúrà fún ọmọ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń dúró de iná jókòó pẹ̀lú wa. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú un. Ibẹ̀ la wà tí gílóòbù òkè fi tàn yòò. Gbogbo àdúgbò hó yèè, ẹ̀rọ ń dún wínríwín. Bọ̀dá wo gílóòbù náà, ó wò mí.

Ó ní, "Iná ti dé…"

Ó dákẹ́. Ahọ́n mi ti gbéra, mo gé e jẹ. Mo dúró. Mo dúró títí ó fi yá a.

"…sáàárín ìlú, Kápútéènì, àmọ́ ti pápá ò tíì dé. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa yípo."

Ó ti mọ́ ọn lórí ṣáká. Gbogbo ọdún yìí ló fi gbé ìyókù gbólóhùn náà dání, tó ń dúró de ẹni tó máa jẹ́ kó parí rẹ̀. Omi dà lójú mi níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mummy, wetin e talk?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, lódindi, láti "iná" dé "yípo". Mi ò yọ nǹkan kan kúrò, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bọ̀dá tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ó tọ̀nà." Ó sì na ọwọ́ gba ìwé tí a fẹ́ tẹ̀.